Ara Tí Kò Fọn Kì í Ṣe Ẹjọ́ Àjẹ́



Ìyá olùkọ́ kan tọ̀ mí wá ní Ìlọrin níbí. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń gun Òkè Sóbí ní òwúrọ̀ Sátidé, tó sì ń rìn yí pápá ìṣeré ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó ń ka kálórì oúnjẹ rẹ̀ lórí fóònù, síbẹ̀ òṣùwọ̀n kò yẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló di ara mi?" Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní awo ti kọ́kọ́ dá a lóhùn: ó dárúkọ àjẹ́, ó gba owó ẹbọ, ó sì fún un ní àgbo tó fi yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́rin. Omi ara rẹ̀ gbẹ, òṣùwọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó mu omi tán, òṣùwọ̀n padà sí ibi tó wà.

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń ba Ìṣẹ̀ṣe jẹ́ ju ọ̀tá èyíkéyìí lọ. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ti ń fi ojú ìfura wò wá, kò yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa gbé ẹ̀rí fún wọn.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Loyola ní Chicago gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 149 ní abúlé méjì ní Nàìjíríà àti obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 ní Chicago. Àwọn ti Nàìjíríà wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 58, àwọn ti Chicago wọn nǹkan bí 83. Wọ́n retí pé àwọn tiwa ni yóò máa fi iṣẹ́ ara ná agbára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Oúnjẹ ni wọ́n wá fura sí: oúnjẹ oko tí ọ̀rá àti ẹran kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni ti abúlé, ọ̀rá àti oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ni ti Chicago. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn Hadza, ọdẹ ilẹ̀ Tanzania.

Kálórì kíkà pàápàá kò rọrùn. Ṣíbí ńlá kan epo pupa tó nǹkan bí kálórì 120. Ìrìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò jó o tán. Ta ló mọ iye ṣíbí tó wà nínú ọbẹ̀ tí a rà lójú pópó? Ìwádìí kan ní New York ní 1992 fi hàn pé ènìyàn 10 tí ara wọn kọ̀ láti fọn ń jẹ tó bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kà. Ìṣirò ló ṣì wọ́n lọ́wọ́, kì í ṣe pé ayé dì wọ́n.

Èdè wa náà ní ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, inú "sàn" àti "ara" ni "sanra" ti wá. Ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà di ohùn àárín, bí "kà" ṣe di "ka" nínú "ka ìwé". Ara tó sàn ni àwọn baba wa rí. "Rù" ni wọ́n fi sọ ti àìsàn àti ìbànújẹ́. Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú ara ńlá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náà jẹ́ ìwà.

Àwọn kan yóò ní bí a kò bá rí àjẹ́, kí ló kù fún Ifá? Ohun tó kù pọ̀. Kí awo sọ òtítọ́. Kí ó rán aláìsàn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn, kí ó sì sọ òògùn tó ń lò fún dókítà. Kí ó ní kó máa rìn lọ, nítorí ìrìn ń ṣe ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru lóore bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ mì. Kí ó bá a wo inú ìkòkò ọbẹ̀. Kí ó sì gbé ẹ̀bi kúrò lórí rẹ̀.

Mo dá Ifá fún ìyá náà, mo ní kó bọ orí rẹ̀. Mi ò gba owó kankan lórí òṣùwọ̀n. Ó ṣì ń gun Òkè Sóbí. Kò tíì fọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti rọlẹ̀, kò sì bi mí mọ́ pé ta ló di òun.