Ọ̀pá Eré Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ní Sèmè-Kpodji, láàárín Kútọnu àti ẹnubodè Nàìjíríà, òbí pọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ eré orí kọ̀ǹpútà sétí. Wọ́n ní òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ tètè dé láti ilé-ìwé. Wọ́n ní òun ni ó ń gba owó tí ó yẹ kí ọmọ fi jẹun. Òbí mìíràn tilẹ̀ máa ń já ọ̀pá eré, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní manette, gbà, tí yóò sì là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù tí ń ba irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe asán. Síbẹ̀, ọ̀pá náà kọ́ ló jẹ̀bi.

Kí ni ọ̀pá eré? Ọ̀pá kúkúrú ni, tí a gbé ró sórí àpótí, tí àwọn bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nínú àpótí náà, ohun ìtẹ̀ kékeré mẹ́rin ni ó wà, irú èyí tí a fi ń tan iná ilé. Bí ọmọ bá ti ọ̀pá sí apá kan, ọ̀pá a tẹ ọ̀kan nínú wọn, iná a kọjá, kọ̀ǹpútà a sì mọ ibi tí ọmọ ń lọ. Bí ó bá tẹ méjì pọ̀, ọ̀nà a gba igun. Báyìí ni mẹ́rin ṣe ń di ọ̀nà mẹ́jọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà mọ irú ọgbọ́n yìí: lẹ́tà díẹ̀ ni ó ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀ tí kò lóǹkà.

Láti ìgbà láéláé ni àwọn àgbà ti ń ta ayò lábẹ́ igi. Ọmọ tí ó bá jókòó tì wọ́n a kọ́ ìṣirò, a kọ́ sùúrù, a sì mọ̀ pé òpè òní lè di ọ̀ta lọ́la. Bí ọ̀lẹ kan bá ta ayò títí oko rẹ̀ fi di igbó, kò sí ẹni tí yóò fi ọpọ́n ayò dáná. Olóko ni wọn yóò bá wí.

Òtítọ́ ni pé eré lè di àìsàn. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, fi í sínú ìwé àwọn àìsàn. Kò sọ pé gbogbo ẹni tí ń ṣeré ni ara rẹ̀ kò dá. Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́ ni ó ń sọ: ẹni tí ó fi eré ṣáájú ohun gbogbo, tí ó sì ń bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára. Àwọn àmì wọ̀nyí ni ó yẹ kí òbí máa ṣọ́.

Ta ni ó wá jẹ̀bi? Àgbàlagbà tí ó ṣí yàrá eré, tí ó sì gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni àkọ́kọ́. Aláṣẹ tí ó mọ̀, tí ó dákẹ́, ni ìkejì. Òbí tí kò bèèrè ọmọ títí ilẹ̀ fi ṣú ni ìkẹta. Ó yẹ kí wákàtí eré wà ní kíkọ sẹ́nu ọ̀nà, kí òbí tí ó ti mọ̀wé lè kà á, kí ó sì lè bá ẹni tí ó rú u wí.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọdé aláwọ̀ dúdú kan, Jerry Lawson, ń tún tẹlifíṣàn ṣe. Ní ọdún 1976, òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ eré ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè pààrọ̀ eré inú rẹ̀. Ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games gbé eré Aurion jáde ní ọdún 2016, wọ́n sì fi àṣà Áfíríkà hun ún. Ní Benin níbí, Sèmè City, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọgbọ́n tuntun, ń jẹ́ orúkọ Sèmè. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ọmọ Sèmè-Kpodji bá mọ bí a ti ń ti ọ̀pá eré, tí kò sì mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí òbí má ṣe la ọ̀pá mọ́lẹ̀. Kí ó fi àkókò sí eré, kí ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó ti ọmọ, kí ó ní kí ọmọ ṣàlàyé fún òun. Bí ọ̀pá kan bá bàjẹ́, kí wọ́n jọ tú u wò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.