Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tí ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá kí ilé. Wọn a ní, ní ilẹ̀ náà, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ kára ni yóò là, ọ̀lẹ nìkan ni í kùnà. Láti ibẹ̀ ni wọn a ti máa bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aláwọ̀ dúdú tí a bí sí ibẹ̀, pé ìmẹ́lẹ́ ni ó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi kò kórìíra ìyìn iṣẹ́. Mo ń kọ́ni ní i ní kíláàsì, mo sì ń wàásù rẹ̀ lórí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yìí kò tọ́.

Òótọ́ ni pé làálàá ń so èso. Booker T. Washington, ẹni tí a bí sínú oko ẹrú, ni ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Tuskegee ní ọdún 1881. Kò sí ẹni tí yóò gba ògo yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa wí pé ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Nítorí náà, kí a tó yin ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ẹni tí a gbé pọ̀n.

Ní ọdún 1862, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fún ẹni tí ó bá fẹ́ dáko ní éékà ilẹ̀ 160, ilẹ̀ tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 4 aláwọ̀ dúdú ni ó wà nínú ẹrú. Ní ọdún 1944, wọ́n tún ṣe òfin láti ran àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun bọ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní Mississippi ní ọdún 1947, nínú ẹ̀yáwó 3,229 tí ìjọba ṣe onídùúró fún, fún ilé, oko àti òwò, 2 péré ni ó bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó rí ilé kọ́ fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ. Kí ni ẹnìkejì yóò fi sílẹ̀? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹnìkan lè wí pé èyí ti di àná. Rárá o. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ bí 5,000 ránṣẹ́ ní Chicago àti Boston, wọ́n sì pín orúkọ tí ó jọ ti aláwọ̀ dúdú tàbí ti aláwọ̀ funfun sí wọn láìṣẹ̀ṣà. Bí a bá pe aláwọ̀ dúdú 10, a ó pe aláwọ̀ funfun 15. Ní ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ fún àwọn yunifásítì láti máa wo ẹ̀yà nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé. Ṣùgbọ́n wíwò bóyá bàbá ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí, ìdájọ́ náà kò kọ ìyẹn. Mo ti ń wo ìwé ìdánwò láti ìgbà èwe mi. Máàkì ń sọ ohun tí ọmọ mọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sọ bí ọ̀nà tí ó rìn ti jìn tó.

Àwa náà ńkọ́? Òfin 1964 tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà ni ó fi ẹ̀wọ̀n àti ẹ̀jẹ̀ rà á. Ọdún kejì rẹ̀ ni òfin mìíràn fòpin sí ojúsàájú tí a ń ṣe sí àwọn ará Yúróòpù nínú gbígba àlejò. Ẹnu ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa gbà wọlé, tàwọn ti ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn òbí tí ó ta ilẹ̀ àti aṣọ, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, ni ó gbé ìdílé wọn pọ̀n títí dé ibẹ̀. Ó ha yẹ kí ẹni tí a ṣí ìlẹ̀kùn fún máa bú ẹni tí ó ṣí i?

Wọ́n lè wí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò sọ àwọn ọmọ di ọ̀lẹ. Èmi kò gbà. Ọmọ tí ó mọ̀ pé a gbé òun pọ̀n yóò tẹ ẹ̀yìn fún ẹlòmíràn lọ́la. Èyí tí ó rò pé ẹsẹ̀ òun nìkan ni òun fi rìn kò ní gbé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní iṣẹ́, kí a sì kọ́ wọn ní ọpẹ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ẹ̀yìn tí ó gbé wa.