Ilẹ̀ Èkìtì Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ kan ń dun àwa ọmọ Òkè-Àkó wọra.

Ní 2022, ilé-iṣẹ́ Paradox ní Sweden gbé géèmù Victoria 3 jáde. Ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1836, ó parí ní 1936. Ẹni tó ń ta á yóò mú orílẹ̀-èdè kan, yóò máa darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí géèmù náà bá kà sí aláìní ìjọba àpapọ̀, kò sẹ́ni tó lè mú wọn. Lóòótọ́, wọ́n lè bá ẹni tó wá gba ilẹ̀ wọn jà, àmọ́ ojú ẹni tó wá gbà á nìkan la fi ń wo ìjà náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé òṣùwọ̀n yẹn lé Èkìtì. Ìkọ̀lé ní ọba tirẹ̀, Ọ̀yẹ́ ní tirẹ̀, Ìdó ní tirẹ̀. Ọba mẹ́rìndínlógún là ń kà, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ olúwa àwọn yòókù. Ṣé a ò níjọba nìyẹn? Àwọn yìí kan náà ló para pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n di Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí ló dá iná ọ̀hún, Ògèdèǹgbé Iléṣà ló ṣe balógun. Àwọn ọmọ wọn ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò lè lé wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ṣé ilẹ̀ òfìfo ló ń jagun bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sọ pé eré lásán ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí òfin inú kóòdù ò bá gbà, kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ọmọ tó bá ta géèmù yẹn fún ọgọ́rùn-ún wákàtí ò ní kà á sí èrò ẹnì kan. Á rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Àwa náà jẹ̀bi. A ó wọ agbádá fún ọmọ ogun òyìnbó, a ó sọ ilé olódi di ààfin, a ó ní ìtàn wa la sọ. Aṣọ la pààrọ̀, òfin ò yí. Ẹ wo Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Nínú Aurion tí wọ́n gbé jáde ní 2016, wọ́n dá ayé tiwọn sílẹ̀, àwọn baba ńlá ni akọni inú rẹ̀ sì ti ń gba agbára. Inú òfin ni wọ́n fi ìtàn sí.

Ohun tí à ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ fún ìlú inú géèmù yín lórúkọ tó wù yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ní òfin Kírìjì. Bí o bá tàbùkù ọba kan, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ á palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, ọta ìbọn tán. Òkè gbọ́dọ̀ níye lórí, torí nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ń kó apá àríwá wa lẹ́rú, orí àpáta ni ibi ìsádi. Kí ìṣẹ́gun sì jẹ́ àdéhùn tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá fi gba òmìnira rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ lọ fi kóòdù kọ ọ́.