Májèlé Àyálò

Àwọn bàbá wa kò fi orúkọ ṣeré nígbà tí wọ́n pe kọ́lẹ́rà ní onígbáméjì: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ gba Èkó kan ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, tí àwa ará Mowe àti Ìbàfò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo kànga wa, ìyá onílé wa sọ pé kànga àwọn kò pa ẹnikẹ́ni rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ló sún mi dé ìdí ìwé, mo sì bá ohun tí n kò retí pàdé: májèlé tí onígbáméjì fi ń pani kì í ṣe tirẹ̀. Ó yá a ni.

Ọmọ omi ni Vibrio cholerae, bakitéríà tí í fa àrùn náà. Ibi tí omi òkun ti pàdé omi odò ló fẹ́ràn, a sì máa lẹ̀ mọ́ èèpo edé àti akàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oríṣi rẹ̀ ni kò lè fa onígbáméjì. Ní 1996, Matthew Waldor àti John Mekalanos ní Yunifásítì Harvard fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì kan, tí kò mọ ènìyàn bí kò ṣe bakitéríà, ló ru jíìnì májèlé náà. Bí ó bá ti wọlé, a so àkọsílẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ti onílé. Gbogbo ọmọ tí onílé bá bí lẹ́yìn náà, májèlé ni ogún wọn. Ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà ló yà mí lẹ́nu jù. Irun tín-ín-rín tí bakitéríà náà nílò kí ó tó lè gbilẹ̀ nínú ìfun ènìyàn, òun gan-an ni fáírọ́ọ̀sì ń dì mú wọlé.

Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ àyálò. Ta ló tún ń rántí ẹni tó ni “àlùbáríkà”?

Ìran tó ru májèlé tí à ń bá jà lónìí gbéra láti Indonesia ní 1961, ó wọ Nàìjíríà ní ìparí 1970. Ní 1991 nìkan, ó pa ènìyàn tó ju 7,000 lọ ní ilẹ̀ wa.

Wọ́n tún ń pín jíìnì tí í jẹ́ kí oògùn má ràn wọ́n mọ́. Ní 2004, Waldor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí ciprofloxacin bá ta bakitéríà yìí lára, ṣe ni ó ń yára fi irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Ẹ wá wo àwa tí a máa ń sáré lọ ra hóró méjì ní kẹ́míìsì bí inú bá ti ń ṣe gbuuru! Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló yẹ kó ṣáájú, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà ni yóò sọ bóyá oògùn kan tún kàn án.

Ní ti kànga ìyá onílé wa, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni mo kà láàárín rẹ̀ àti ṣaláńgá ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, ní àdúgbò tí òjò ń sọ di adágún lọ́dọọdún. Mo tún un kà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń se omi mímu mi. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín pé akọ̀wé ń se omi bí ẹni ń se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ wọn gbé kẹ́tùlù wá bá mi.