Ẹ̀kọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ fún Olùkọ́ Ọ̀la: Ta Ni Yóò Dán Ẹnu Wọn Wò?

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ó ṣòro kí a tó rí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí kò mọ òwe yìí. Bí ó bá jáde nínú ìdánwò, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, wọn yóò sì ṣàlàyé ìtumọ̀ àti ìlò rẹ̀ yanjú. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń sọ gan-an, ìyẹn ni pé kí ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ yọ obì lápò ẹlòmíràn, kò sí ẹni tó ń dán an wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí yóò di olùkọ́. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ ìwé-ẹ̀rí N.C.E., èyí tí àjọ N.C.C.E. tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1989 ń ṣàkóso ìlànà rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ ti ìmọ̀ ìṣirò tàbí ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń ṣe ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìbánisọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀, bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, bí a ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, tí ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń lò sì gbà pé ìlànà kan náà ni gbogbo ayé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ojú. Ìwé ìbánisọ̀rọ̀ tó ti òkè òkun wá a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lójú, nítorí pé ẹni tí kò lè wo ènìyàn lójú, ó ń fi nǹkan pamọ́ ni, tàbí kò dá ara rẹ̀ lójú. Láàárín Yorùbá, ọmọdé tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, wọn yóò bi í léèrè bóyá ó fẹ́ gbé àgbà náà mì ni. Wíwo ilẹ̀ ni ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ń wọ̀ ọ́ létí. Olùkọ́ ọ̀dọ́ tó bá gba ti ìwé gbọ́ láìwo ibi tó wà lè jẹ ọmọ níyà pé ó ń wolẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ náà ń lò.

Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù. Ká ní ìyá àgbà kan wá sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀ nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sunkún délé lánàá, tó sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu T.P. ló kọ́kọ́ bá pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wí pé, ‘Kí lẹ fẹ́, mà?’ Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn yìí. Arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀. ‘Mà’ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ojú ìyá àgbà ti yí padà, nítorí ohun tó gbọ́ ni pé wọn kò fẹ́ rí òun. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ yóò kúnlẹ̀ bí ó bá jẹ́ obìnrin, yóò tẹ̀ ba bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò ní, ‘Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?’ Yóò wá ìjókòó fún un kí ó tó béèrè ohun tó gbé e wá. Nígbà tí ìyá àgbà yóò bá fi jókòó tán, ìdajì ìjà ti parí.

Dell Hymes, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1972 pé mímọ òfin gírámà nìkan kò tó. Ẹni tó gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́, ẹni tí yóò bá sọ ọ́, ibi tí yóò ti sọ ọ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Èrò náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ohun tí àwọn baba ń wí nìyí nígbà tí wọ́n bá ní ọmọ kan mọ̀rọ̀ọ́ sọ.

Gbólóhùn méjì yìí, ‘Ọmọ yín kò mọ nǹkan kan’ àti ‘Ọmọ wa ń gbìyànjú o, ṣùgbọ́n ìwé kíkà rẹ̀ ṣì kù díẹ̀ káàtó’, ọmọ kan náà ni wọ́n lè máa tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ju ọmọ sí òbí lọ́wọ́. Ìkejì fi olùkọ́ kún àwọn tó ni ọmọ. Òbí tó gbọ́ ìkejì yóò béèrè ohun tí òun lè ṣe nílé. Òbí tó gbọ́ àkọ́kọ́ yóò délé na ọmọ, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé-ìwé mìíràn kiri. Ìyàtọ̀ ‘yín’ àti ‘wa’ kò ju sílébù kan lọ.

Ibi ọ̀fọ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tó ti gbó, tó ti tọ́, ṣaláìsí, a lè kí i pé ‘ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè’, yóò sì dúpẹ́. Bí olùkọ́ ọ̀dọ́ bá gbé ìkíni kan náà lọ bá òbí tí ọmọ ọdún méje kú mọ́ lọ́wọ́, ọgbẹ́ ló tún dá sórí ọgbẹ́. ‘Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run yóò tù yín nínú’ ló yẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, kí ó sì dákẹ́ lẹ́yìn náà. Àwọn ìkíni tó kún inú ìwé, ‘àrẹ̀dú’ fún aláró, ‘àrìnpa’ fún ọdẹ, dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ mélòó ni yóò pàdé aláró lónìí? Òbí tó ń ṣọ̀fọ̀, òbí tí kò rí owó san, òbí tí ọmọ rẹ̀ jí nǹkan ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni olùkọ́ ń bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tún wà níbẹ̀. ‘Ẹ’ ọ̀wọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń lò fún àgbà kan ṣoṣo kì í ṣe ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè kan bí Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ènìyàn lè lo arọ́pò-orúkọ ẹyọ fún àgbà láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ọ̀yọ́ wá, tí wọ́n rán lọ sí irú agbègbè bẹ́ẹ̀, lè máa ka ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá sí ẹni tó kìlọ̀ fún un.

Ẹ̀bi gbogbo èyí kò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ̀ka Yorùbá náà ń kọ́ ìkíni bí ẹni ń kọ́ ìtàn ogun. Olùkọ́ ń pè, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ. Bí ìdánwò bá dé, ìbéèrè ni pé kí wọ́n dárúkọ ìkíni mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì tó pọ̀ jù lè kọjá lára olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà láìkí i, kò sì sí máàkì kan tí yóò jábọ́. Nígbà T.P. pẹ̀lú, alábòójútó a jókòó sẹ́yìn kíláàsì, yóò yẹ ètò ẹ̀kọ́, ohun èlò ìkọ́ni àti ìlò pátákó wò; ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún òbí lẹ́nu ọ̀nà kì í sábà sí lára ohun tó ń gba máàkì.

Ẹnu ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu ni ó yẹ kí a fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí wọ́n pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ kéékèèké. Kí ẹnì kan ṣe òbí tínú ń bí, kí ìkejì ṣe olùkọ́, kí àwọn yòókù sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kí wọ́n sì pe àgbà kan láti inú ìlú wá jókòó pẹ̀lú wọn. Ìyá ọlọ́jà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá yóò tètè rí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣìwà hù, ó sì ṣeé ṣe kí ó rí i ṣáájú olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló jẹ́ ọmọ Yorùbá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbò tàbí Ẹ̀bìrà tí yóò kọ́ ọmọdé ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ ló nílò ẹ̀kọ́ yìí jù, nítorí pé kò gbà á nílé. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí ìlànà ìjọba. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ni. Èyí bani nínú jẹ́, pàápàá fún àwọn tó mọ ohun tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ìkéde náà kò kan ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Èdè tí ìyá àgbà gbé wá láti ilé kò yí padà ní 2025. Ẹ̀ka Yorùbá kò sì nílò àṣẹ láti Àbújá kí ó tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣáájú T.P. tó ń bọ̀, láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe dá a lóhùn.