Wolé-wolé Àwọn Ayálégbé Dà?

Ẹ̀yin ará wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bí a bá dárúkọ wolé-wolé létí àgbàlagbà, ohun tí yóò kọ́kọ́ rántí ni àmù omi, tanwíji àti owó ìtanràn. Wolé-wolé ayé ìjọba òyìnbó a máa yẹ inú àmù wò, a sì máa yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Bí ó bá rí èérí, ìyá olómi ni yóò jẹ́jọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ pé ó pe onílé lẹ́jọ́ nítorí òrùlé tí ń jò tàbí ṣáláńgá tí ó ti kún. Iṣẹ́ náà dára. Ibi tí ó kọjú sí ni kò tọ́.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Àjọ tí ń kọ́ ilé sílẹ̀ ní 1958, òun ni ó sì tẹ Bódìjà dó. À ń fi èyí yangàn títí di òní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ilé kíkọ́, ọ̀tọ̀ ni mímójútó rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù January 2024, ní Bódìjà yìí kan náà, ohun abúgbàù fọ́ ilé túútúú. Ènìyàn kú, àwọn tí ó fara pa sì lé ní 70. Gómìnà Ṣèyí Mákindé wí pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wọ ilé náà kí ó tó bú?

Àwọn òyìnbó pàápàá fi ẹ̀mí ọmọ kọ́ ọgbọ́n. Ní Rochdale, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní oṣù December 2020 nítorí ọ̀rinrin àti ohun dúdú tí ó hù lára ògiri ilé tí a fi háyà fún àwọn òbí rẹ̀. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń ké. Òfin tuntun jáde ní 2023. Láti oṣù April 2024, àwọn olùyẹ̀wò ń wọ àárín àwọn àjọ tí ilé wọn tó 1,000, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin, wọn a sì fún wọn ní máàkì ní gbangba, láti C1 dé C4. Láti oṣù October 2025, bí ewu bá jẹ́ ti kánjúkánjú, wákàtí 24 ni onílé ní láti fi mú un kúrò. (Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Peckham mọ ohun tí mò ń wí.)

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ìlú ọlọ́rọ̀ ni tiwọn. Ẹni tí ń gba owó ilé ni wọ́n kọjú sí, ẹni tí ń san án sì ń gbọ́ àbọ̀. Èyí kò gba owó púpọ̀. Ní tiwa, kí wolé-wolé kọ́kọ́ wọ ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́ fún àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì ní abúlé. Ẹni tí kò lè tún òrùlé tirẹ̀ ṣe, ẹnu wo ni yóò fi bá onílé Mọ́níyà wí?

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi kíkó ìdọ̀tí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sì pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024 pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà. Nítorí náà, ní ìpàdé wọ́ọ̀dù tí ń bọ̀, ẹ bi káńsílọ̀ yín pé wolé-wolé mélòó ni ó ní, ilé ta ni ó sì wọ̀ kẹ́yìn.