Ata Kò Mọ Àlejò

Ẹ̀mí tí kò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ata rodo inú ọbẹ̀ tí ará Iléṣà fi ń jẹyán, àlejò ni: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí Columbus débẹ̀ ní 1492. Kó tó dé, ataare àti ìyèré ló ń ta àwọn baba ńlá lẹ́nu.

Ní Òṣogbo, ẹni tó bá ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn nídìí àwo ọbẹ̀ ti di ẹni à ń fi rẹ́rìn-ín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1997, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ohun tó ń gbọ́ títa ata nínú ara, iṣẹ́ tó wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2021. Ohun kan náà ló ń gbọ́ gbígbóná iná. Ọpọlọ rò pé ẹnu ń jó ni, ìdí nìyẹn tí òógùn fi ń bọ̀; ẹni tó ń làágùn kò ṣojo.

Ata sì máa ń mọ́ ẹnu lára díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kí alásè dín ata ìkòkò kù, kó gbé ata gígún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má gbàgbé mílíìkì: omi tútù kì í pa iná ata.